Pẹ́ńṣàn kọ́kọ́, kí owó orí tó tẹ̀lé e

Okún o, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ṣe ìwé owó oṣù ní Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti àyíká wa. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé kẹ́ ẹ tó yọ kọ́bọ̀ lára owó òṣìṣẹ́ fún pẹ́ńṣàn, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ ṣe ìṣirò owó tiẹ̀ gan-an lójú ẹ̀.

Torí ohun tó máa gbọ́ ni pé wọ́n tún fẹ́ gé owó òun. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé pẹ́ńṣàn máa ń kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí, tórí náà owó orí ẹ̀ á wálẹ̀.

Ká ní ₦120,000 ló ń gbà lóṣù, tó sì jẹ́ pé owó iṣẹ́, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni gbogbo ẹ̀, torí àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n fi ń ṣírò pẹ́ńṣàn. Ìyẹn ₦1,440,000 lọ́dún. Nínú òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, wọn ò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́, 15% ni ti èyí tó kù nínú owó tiẹ̀, torí náà láìsí pẹ́ńṣàn á san ₦96,000 lọ́dún. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ yọ 8% pẹ́ńṣàn, ₦115,200, owó orí á di ₦78,720, ìyẹn ni pé ₦1,440 á dín nínú ẹ̀ lóṣù. Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí, ₦9,600 ló ń wọ akáǹtì pẹ́ńṣàn ẹ̀ lóṣù, àmọ́ ₦8,160 péré ló dín nínú owó tó ń mú relé, ọ̀gá á wá fi 10% tiẹ̀ lé e, ₦12,000, ló bá di ₦21,600. Ibí yìí lọ̀pọ̀ wọn ti máa ń ní kí n tún un kà.

Ẹni tó ń gba minimum wage ò kúkú ń san owó orí, ẹ má sọ fún un pé pẹ́ńṣàn á dín in kù. 10% ti ọ̀gá tó máa wọ akáǹtì pẹ́ńṣàn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi hàn án.

Òfin pẹ́ńṣàn 2014 mú un ní dandan fún ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè. Ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì àti iléèwé àdáni ọ̀dọ̀ wa ò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n lè ṣe é, ọ̀gá tó bá sì ń ké pé àwọn tóun kọ́ níṣẹ́ ń sá lọ sí Lọ́kọ́ja àti Àbújá, ẹ bá a sọ ọ́ dáadáa pé pẹ́ńṣàn lè dá wọn dúró.

Ẹ bèèrè rìsíìtì owó tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń háyà ilé lọ́wọ́ wọn náà o, 20% ẹ̀ máa ń kúrò kí owó orí tó dé, kó ṣáà má kọjá ₦500,000.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni kí àwọn ọ̀gá yọ owó pẹ́ńṣàn tán kí wọ́n fi ra dísù. Owó òṣìṣẹ́ ni! Ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí sálárì bá wọlé ló gbọ́dọ̀ ti dé, tí ò bá dé, ìtanràn tó kéré jù ni 2% owó tí ò dé náà lóṣooṣù. Òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló sì ń yan PFA, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣàn, kì í ṣe ọ̀gá, PIN ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà akáǹtì pẹ́ńṣàn ẹ̀, á máa tẹ̀lé e lọ síbi iṣẹ́ míì. Tẹ́ ẹ bá ti san án, ẹ tẹ ìwé ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ fún kálukú ní kọ́pì tiẹ̀ lóṣooṣù.