Kí ẹgbẹ́ pàjáwìrì tó wọ bàálù

Kílórìnì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fi pa kòkòrò àrùn ní ibùdó ìtọ́jú Ebola kì í bá èrò wọ bàálù. Ó wà lára àwọn kẹ́míkà tó ń mú iná ràn sí i, nítorí náà wọn kò gbà á nínú ẹrù arìnrìn-àjò, ì báà kéré bí ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹgbẹ́ pàjáwìrì tó ń lọ gbógun ti àrùn, tí kò bá rántí èyí, yóò gúnlẹ̀ sí ìlú tí àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú páálí ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò, kò sì ní rí ohun tí wọ́n máa fi fọ rénbúùtù. Ṣe ni ká ti fi ránṣẹ́ nínú bàálù akẹ́rù pẹ̀lú ìwé ẹrù eléwu, tàbí ká ti bá oníṣòwò kan níbẹ̀ dúnàádúrà kí a tó kúrò nílé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ilé ni wọ́n ti ń yára, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Ẹgbẹ́ UK-PHRST ti Britain, tó ń sáré lọ ran orílẹ̀-èdè tí àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, ṣèlérí pé àwọn lè gbéra láàárín wákàtí 48. Wọ́n wá sí Nàìjíríà lọ́dún 2018 nígbà tí ibà Lassa pọ̀ gan-an, wọ́n sì wá nítorí pé wọ́n pè wọ́n. Ìpè yẹn ṣe pàtàkì. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ètò GOARN láti ọdún 2000, tó ń kó àwọn onímọ̀ jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn ló gbọ́dọ̀ sọ ohun tó kù fún un. Ẹni tó wá láìjẹ́ pé wọ́n pè é yóò gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì, yóò gba ọkọ̀, yóò sì tún gba àkókò àwọn òṣìṣẹ́ tí oorun ò kun ojú wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ènìyàn fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí káàdì títí ọjọ́ 10 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n gún un. Ẹni tó lọ gbà á ní ọjọ́ tí wọ́n pè é ti pẹ́ jù, àwọn aṣọ́bodè lè dá a padà. Ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku oṣù 6 ó kéré tán. Oògùn tó ń dènà ibà ẹ̀fọn náà kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: bí òṣìṣẹ́ kan bá ní ibà níbi tí Ebola wà, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ̀ bóyá ẹ̀fọn ló fà á. Wọ́n á gbé e lọ sí àyàsọ́tọ̀, àwọn tó bá a jẹun á wà lábẹ́ ìṣọ́, ẹgbẹ́ èèyàn mẹ́fà á di ẹgbẹ́ tí kò lè ṣiṣẹ́. Doxycycline, oògùn tó ń dènà ibà ẹ̀fọn, tí ẹnì kan gbàgbé láti lò ló fà á.

Nínú irú ẹgbẹ́ pàjáwìrì bẹ́ẹ̀, onímọ̀ nípa bí àrùn ṣe ń tàn wà níbẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò wà, ẹni tó ń dènà kíkó àrùn nílé ìwòsàn wà, olùtọ́jú àkọsílẹ̀ wà, ẹni tó mọ àṣà àti ìṣe àwùjọ náà wà. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń yọ sílẹ̀ kí owó lè tó ni ẹni tó ń bójú tó ẹrù àti ìrìnnà. Èmi ò gbà pé ó tọ̀nà. Láìsí òun, dókítà ni yóò máa wá epo jẹnẹrétọ̀ kiri.

Ní ibi iṣẹ́, ìwọ̀n méjì ni kílórìnì ní, kò sì gbọ́dọ̀ dàrú mọ́ra. 0.5% wà fún ilẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, rénbúùtù, ẹ̀jẹ̀ àti èébì, 0.05% wà fún ọwọ́. Bí ẹ bá ní HTH, ìyẹn kílórìnì oníyẹ̀fun, tó jẹ́ 70%, gíráàmù 7 sí lítà omi kan ló ń di 0.5%, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 143 fún bọ́kẹ́ẹ̀tì olítà 20. Fún ti ọwọ́, gíráàmù 14 tó fún lítà 20 kan náà. Bó bá jẹ́ bílíìṣì olómi 3.5% ló wà lọ́wọ́, ife bílíìṣì kan sí ife omi mẹ́fà ni 0.5%. Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ni kí ẹ lò, kí ẹ kọ ìwọ̀n sí i lára gàdàgbà, nítorí 0.5% máa ń bó awọ ọwọ́, ọwọ́ tó sì bó ti ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn.

Àwọn kan máa ń pò ó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n á sì lò ó títí di Ọjọ́rú. Oòrùn àti ooru ti jẹ agbára rẹ̀ tán nígbà yẹn. Ojoojúmọ́ ni ká máa po tuntun. Ẹ̀jẹ̀ náà ń jẹ agbára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kàn dà á sórí ẹ̀jẹ̀ kí a sì nù ún lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ da 0.5% lé aṣọ náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó kó o, lẹ́yìn náà ẹ tún fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ ásíìdì rárá, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè pani lára. Ẹ má sì fọ́n ọn sí ènìyàn lára.

Aṣọ ìdáàbòbò: bíbọ́ rẹ̀ léwu ju wíwọ̀ rẹ̀ lọ. Nínú ooru wa, wákàtí kan ti pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn òógùn á dí ìwòjú, ọkàn á máa rẹ̀, ọwọ́ á lọ sí ojú láìmọ̀. Kí ẹnì kan dúró lọ́nà jíjìn máa ka ìgbésẹ̀ sókè fún ẹni tó ń bọ́ ọ, kí ó má sì jẹ́ kó kánjú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ló dá Ebola dúró ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan láti Liberia balẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àrùn náà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní First Consultants, Obalende, kò jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn. Àrùn náà pa dókítà ọ̀hún ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Èèyàn 20 ló ní in, 8 kú, WHO sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Èèyàn 894 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n fara kan aláìsàn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ẹ pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 21 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, iye ọjọ́ tí Ebola lè fi sápamọ́ sínú ara gan-an nìyẹn. Ibùdó ìṣàkóso àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi gbógun ti rọpárọsẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yí sí iṣẹ́ yìí, ni wọ́n ṣe tètè ríbi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan péré tó yọ́ kúrò ní Èkó lọ gba ìtọ́jú ní Port Harcourt ló fà á tí ó ju ìdajì 894 náà lọ fi jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Rivers.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ dáadáa, kó má gbé ju èèyàn 10 lé olùbẹ̀wò kan lọ́wọ́ lójúmọ́. Kó gba nọ́ńbà fóònù ìbátan méjì, kó sì kọ ilé sílẹ̀ bí àwọn aráàdúgbò ṣe ń júwe rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wo, ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ ata wo, torí nọ́ńbà ilé nìkan kì í gbé ni débẹ̀. Kó sì mú oúnjẹ dání fún ẹni tí wọ́n ní kó má jáde. Ebi ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn jáde, kì í ṣe oríkunkun.

Ti ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò kò gùn: tíúbù EDTA (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) olómorí elésè àlùkò, oníke kì í ṣe onígíláàsì, ìpele mẹ́ta ìdìpọ̀, òtútù láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fọ́ọ̀mù aláìsàn kì í bá tíúbù wọnú ìpele kejì. Ìta rẹ̀ ni kó wà. Bí orúkọ ara tíúbù bá yàtọ̀ sí ti fọ́ọ̀mù, yàrá àyẹ̀wò lè kọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún padà lọ gún aláìsàn náà.

Nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ padà, kí àwọn tó ń bọ̀ ti dé ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán kí àwọn tó wà níbẹ̀ tó lọ. Wọ́n á jọ bẹ àwọn ilé tó wà lórí ìwé wò, kí àwọn ẹlẹ́bí lè mọ ojú tuntun. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ̀ǹpútà, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù, iye HTH tó kù, orúkọ awakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́: kí gbogbo rẹ̀ wà lórí ìwé kan. Àwọn tó dé ilé á máa wọn ìgbóná ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 21.