Gáàsì tí mo pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Odidi ọdún mẹ́rin ni n kò fi lè jáde nílé kí n má padà lọ wo gáàsì. Mo lè ti ti ilẹ̀kùn, kí n ti dé ibùdókọ̀ ní Bódìjà, àyà mi yóò kàn já pé bóyá n kò pa á dáadáa. Mo mọ̀ pé mo ti pa á, ọwọ́ ara mi ni mo fi yí i, síbẹ̀ n óò padà, n óò di orí sìlíńdà náà mú, n óò sì máa yí i títí àtàǹpàkò mi yóò fi pọ́n, tí n óò sì kà á dé méje. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo padà; oòrùn ti kan àtàrí kí n tó dé ibi iṣẹ́.

Wọ́n gbàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín tọkàntọkàn. Dókítà ọpọlọ ni ó wá sọ fún mi pé OCD ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn àìsàn tí èrò tó ń dẹ́rù bani kì í fi ènìyàn sílẹ̀, tí yóò sì máa mú un ṣe ohun kan náà léraléra, àti pé gáàsì kọ́ ni ìṣòro mi. Ìfọ̀kànbalẹ̀ díẹ̀ tí mò ń rí nígbà tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò tán ni oúnjẹ àìsàn náà: bí mo bá bọ́ ọ láàárọ̀, ebi yóò tún pa á lọ́sàn-án. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ lọ bá ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ó má sì ṣe ohun tí ẹ̀rù náà ní kí ó ṣe. Ní 1966 ni Victor Meyer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ nípa aláìsàn méjì tí ó tọ́jú báyìí, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà ṣe ohun tí àìsàn ń pa láṣẹ.

Èmi kò ní nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo pa gáàsì lẹ́ẹ̀kan, mo wọ ọkọ̀ Dùgbẹ̀, mo di okùn báàgì mi mú pinpin. Kí a tó dé Mọ́kọ́lá, mo ti ń rí ilé wa nínú iná. N kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a dé Dùgbẹ̀, ẹ̀rù náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ n kò ṣe ohunkóhun láti lé e.

Èyí tó le jù ni ti ọkọ mi. Mo ti sọ ọ́ dàṣà láti máa bi í pé, “Ẹ rí i pé mo pa á, àbí?” Dókítà ní ìbéèrè yẹn kò yàtọ̀ sí pé kí n padà sílé, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má dáhùn mọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó dákẹ́, mo bá a yan odì di alẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rí i pé ó ń dun òun náà.

Lánàá, mo ń ṣa tàtàṣé lọ́jà nígbà tí èrò náà tún dé pé gáàsì ń jò. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá bèèrè iye tí wọ́n ń ta rodo.