Ẹyọ owó lára bíléèdì

Ẹyọ owó kan ni mo máa ń fi kan bíléèdì fáànù ẹ́ńjìnnì bàálù níbi iṣẹ́. Okùn kábọ̀n àti gọ́ọ̀mù la fi ṣe é. Inú rẹ̀ kò ṣófo bí akèrègbè. Bó bá dún "kán", ó dáa. Lánàá, ó dún "bù" létí kan: àwọn ìpele inú ti ya kúrò lára ara wọn. Ó dùn mí o!

Ìdí nìyí tá a fi ń rán ìpele pọ̀ kí gọ́ọ̀mù tó gan, bí màmá mi àgbà ṣe ń rán igbá tó sán. Etí iwájú ńkọ́? Irin titanium la fi ń bò ó, nítorí ẹyẹ tó lè kọlù ú. Ní 1970, ìdánwò tí wọ́n ti ju ẹyẹ lù ú ló fọ́ bíléèdì kábọ̀n ẹ́ńjìnnì RB211 ti Rolls-Royce, tí wọ́n fi padà sí titanium.