Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbọ́ Lẹ́nu Géètì

Láti aago méjì ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́kàn. Ìyá kan wá mú ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé, kò bi í léèrè ohun tí ó pa á lẹ́kún, ni olùkọ́ kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá sọ pé, “Motherhood wà níbẹ̀ o, motherliness ni kò sí,” ìyẹn ni pé jíjẹ́ ìyá wà níbẹ̀, ìwà ìyá ni kò sí. Èmi kọ́ ni ó ń bá wí, síbẹ̀ ó dùn mí bí ẹni pé èmi ni.

Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, n kò lè jiyàn ìyẹn. “-hood” ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “hād”, ipò ni ó sì ń tọ́ka sí. Ìdí nìyẹn tí ọba fi lè fi “knighthood”, oyè àwọn Gẹ̀ẹ́sì, dá ènìyàn lọ́lá, tí obìnrin sì ń bọ́ sínú “motherhood” ní ọjọ́ tí ó bá bímọ. Ìwà ni ti “-ness”, ọba kan kò sì lè fi í ta ènìyàn lọ́rẹ. Òpópónà wa yìí, “neighbourhood” ni, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó sáré kó aṣọ mi wọlé nígbà tí òjò ṣú lánàá, tí ó sì ká wọn sórí àga, “neighbourliness” ni tirẹ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe èyí, iwájú ọ̀rọ̀ ni àwa Yorùbá ti ń ṣe tiwa: láti ara “kú” ni a ti rí “ikú” àti “òkú”, fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó sì ya ìṣẹ̀lẹ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ní ti ìyá, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ni a ní. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Bóyá ohun tí olùkọ́ náà ní lọ́kàn nìyẹn, bóyá ó tọ̀nà...

Rárá, kò tọ̀nà. Ó ti yíjú kúrò nígbà tí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó so okùn bàtà ọmọ náà, tí ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú rẹ̀, tí ó sì gba báàgì rẹ̀ kọ́ apá láìsọ̀rọ̀. Kí ni a fẹ́ pe ìyẹn? Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, n kò sì sọ ọ́.

Mo dé ilé, mo se ẹ̀wà, iná kò sí.

Ọmọbìnrin mi kò gbé fóònù láti ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀. Ìyá rẹ̀ ni mí, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Èkejì yẹn ni ọkàn mi ń bi mí léèrè. Mo tún pè é ní alẹ́ yìí, ó sì gbé e. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní òun ti jẹun. Lẹ́yìn náà àwa méjèèjì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gé fóònù náà.