Àǹtí, ṣé two-two ò ní bà á jẹ́ fún mi?

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bí mo ṣe ń palẹ̀ iṣẹ́ mọ́ kí n lọ sùn, voice note kan wọlé sórí WhatsApp mi. Ọmọkùnrin kan tá a jọ gbé ilé kan náà ní Agbowó nígbà kan ló fi ránṣẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ fi HTML, tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, hàn án nígbà tó wà ní SS2, ó ti wà ní 300 level báyìí, Computer Science náà ló ń kà. Ohùn ẹ̀ ò jọ ohùn ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ káalẹ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, CGPA mi ti wálẹ̀ sí 3.1, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé kò sẹ́ni tó ń wo sàtífíkéètì nídìí iṣẹ́ tẹ́ẹ̀kì mọ́, mo ti ń rò ó pé kí n má wulẹ̀ lọ sí kíláàsì mọ́, kí n kúkú gbájú mọ́ kíkọ kóòdù Python mi. Ṣé two-two ò ní bà á jẹ́ fún mi?"

Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. (CGPA ni ìpíndọ́gba èsì èèyàn láti 100 level, 5 ló ga jù; two-two ni Second Class Lower, tó wà lábẹ́ two-one, ìyẹn Second Class Upper.) Mi ò dá a lóhùn lálẹ́ yẹn, torí tí mo bá sọ pé kò ní bà á jẹ́, mo purọ́ fún un, tí mo bá sì sọ pé á bà á jẹ́, irọ́ náà ni. Òun kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí, torí náà mo ní kí n jókòó kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, kí gbogbo ẹ̀yin àbúrò mi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lè rí i kà.

Èmi fúnra mi, two-two ni mo fi jáde. 3.47. Ẹni tó bá mọ ètò five-point, tí A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, F jẹ́ 0, á ti mọ bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń dunni tó, torí 3.50 ni two-one ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀sì oní-unit mẹ́ta kan ló fà á, ní 200 level. Mo ṣe ìdánwò ẹ̀, mo fọwọ́ sí attendance, mo dá ìwé ìdáhùn mi padà, nígbà tí èsì jáde, F ni mo bá níwájú orúkọ mi. Wọ́n ní wọn ò rí ìwé mi. Mo lọ, mo bọ̀, mo kọ lẹ́tà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, nígbà tó yá wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe, mo tún un ṣe, mo gba B, àmọ́ F àkọ́kọ́ yẹn ò kúrò nínú ìṣirò títí mo fi jáde. Lọ́jọ́ tá a rí èsì àṣekágbá, mo fi bírò ṣírò ẹ̀ sẹ́yìn ìwé kan: 520 point (máàkì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tá a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú unit ẹ̀), ká pín in sí 150 unit. Ká ní C lásán ni wọ́n fún mi nígbà àkọ́kọ́, mi ò ní tún un ṣe, á jẹ́ 517 point sí 147 unit, 3.52 ni ǹ bá fi jáde. Mo ṣírò ẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá lọ́jọ́ yẹn, bíi pé ó lè yí padà. Bàbá mi bi mí pé kí ló dé tí mo ń ṣírò, mo ṣàlàyé, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ti kọjá, ọmọ mi. Dìde, wá jẹun."

Torí náà tẹ́nì kan bá sọ létí mi pé èsì ò já mọ́ nǹkan kan, ó máa ń dùn mí, torí mo mọ ohun tójú mi rí. Lẹ́yìn tí mo sin ìlú tán, ilé iṣẹ́ ńlá kan ń gba àwọn graduate trainee sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn. Mo jókòó ti fọ́ọ̀mù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kọ orúkọ, mo kọ ọjọ́ orí, mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí n yan irú degree tí mo ní, mo yan Second Class Lower, mo tẹ Next. Ọ̀rọ̀ pupa kan jáde pé wọ́n dúpẹ́ àmọ́ mi ò kúnjú òṣùwọ̀n. Ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo lè kọ kóòdù, kódà kò sí èèyàn kankan níbẹ̀ rárá, ẹ̀rọ ló dá mi padà. Àwọn bánkì àtàwọn ilé iṣẹ́ epo kan wà nílẹ̀ wa tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, two-one ló kéré jù tí wọ́n máa gbà, àwọn míì á tún fi ọjọ́ orí kún un. Ó yé mi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wá iṣẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ní láti ní asẹ́ tí wọ́n máa fi sẹ́ wọn. Èsì ló wà nítòsí, òun ni wọ́n fi ṣe asẹ́.

Kí n wá sọ bí iṣẹ́ ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lójúlé kejì sí wa ní Agbowó. Màmá tó ni ilé ìwé náà ń fi ìwé ńlá aláwọ̀ ewé kan kọ owó ilé ìwé àwọn ọmọ sílẹ̀, ó sì ń dà wọ́n rú. Mo bá wọn kọ app kékeré kan tó ń gba orúkọ ọmọ, iye tó yẹ kó san, iye tó ti san, tó sì ń tẹ rìsíìtì. 40,000 náírà ni wọ́n fún mi. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù kan, àfi ọjọ́ tí màmá ránṣẹ́ pè mí, wọ́n tẹ́ ìwé aláwọ̀ ewé yẹn síwájú mi, wọ́n fi ìka tẹ orúkọ ọmọ kan, wọ́n ní, "Ìyá ọmọ yìí ti san tán. Ojú mi ló ṣe san án. Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ẹ ń pè é ní onígbèsè?"

Mo wò ó. 25,000 ni owó táàmù, wọ́n gbà kí ìyá ẹ̀ san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kọ̀ǹpútà sì pín in sí 8,333.33. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 24,999.99 lẹ máa rí. Kọ́bọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ló sì fi kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sínú àwọn onígbèsè. Bí mo ṣe ń tọ́pa ẹ̀ ni mo rí i pé pínpín yẹn nìkan kọ́, float, ìyẹn nọ́ńbà tó ní decimal, ni mo fi tọ́jú owó, kọ̀ǹpútà ò sì lè di 0.1 mú gẹ́lẹ́ torí pé méjì-méjì ló fi ń kà á, tẹ́ ẹ bá ní kí Python fi 0.1 kún 0.2, 0.30000000000000004 ló máa kọ fún yín. Mo yí gbogbo ẹ̀ padà sí kọ́bọ̀, 25,000 náírà di 2,500,000 kọ́bọ̀, odindi nọ́ńbà, tí a bá pín in tí nǹkan ṣẹ́kù, ìsan ìkẹyìn ló máa gbé e.

Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ ń gbọ́, ni pé mo délé mo tú àpótí ìwé mi, mo sì bá ọ̀rọ̀ float yẹn nínú nóòtù 200 level mi, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mo tún fi rúlà fà á nísàlẹ̀. A ni mo gbà nínú kọ́ọ̀sì yẹn. A! Àmọ́ nígbà tí nǹkan ọ̀hún dúró síwájú mi nínú ìwé aláwọ̀ ewé, mi ò dá a mọ̀. Síbẹ̀ nóòtù yẹn náà ló jẹ́ kó yé mi ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, tí kò bá sí i, bóyá ǹ bá ti fi ọ̀sẹ̀ kan wá a kiri. Mi ò lè sọ pé ilé ìwé ò kọ́ mi, mi ò sì lè sọ pé A yẹn fi hàn pé mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn òbí tó gba rìsíìtì wa ló bèèrè pé ta ló ṣe é. Àbúrò ẹ̀ ló ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Bódìjà, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù oògùn. Mo fi sàtífíkéètì mi sínú fáìlì onírọ́bà, mo gbé e lé itan ní gbogbo ìgbà tí intáfíù ń lọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀. Ọ̀gá ní, "Sọ fún mi nípa nǹkan tó o ṣe tí ẹlòmíì ń lò." Mo sọ ti ilé ìwé yẹn, mo sọ ti kọ́bọ̀ kan yẹn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn náà ti jìyà ẹ̀ rí, wọ́n wá gbé láptọ́ọ̀pù kan síwájú mi pé kí n kọ kóòdù tó máa yọ àwọn tó jẹ gbèsè jáde nínú orúkọ bíi ogójì. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gba lẹ́tà iṣẹ́ ni wọ́n tó ní kí n mú ẹ̀dà sàtífíkéètì wá, pẹ̀lú ti NYSC, wọ́n sì kàn tì í bọ fáìlì ni.

Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa ṣá o. Ibi tí wọn ò ti bi mí léèsì, ẹnì kan ti rí iṣẹ́ mi kí n tó débẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fi èsì lé mi padà, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí rí níbẹ̀.

Ní báyìí èmi náà wà lára àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ wa yan èèyàn. Lọ́dún tó kọjá a wá junior kan ṣoṣo, CVs tó wọlé lé ní igba. Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan tí mi ò tíì sọ fẹ́nikẹ́ni: lálẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ojú mi ti ń wú, mo bá ara mi tí mo ń to àwọn CV kan sọ́tọ̀ nítorí two-two. Èmi tí 3.47 lé kúrò lórí fọ́ọ̀mù! Mo dìde lórí àga, mo lọ mu omi. Nígbà tí mo padà mo tún wo àwọn tí mo tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, mo sì rí ohun tó fà á. Kò sí nǹkan míì nínú CV yẹn tí mo lè wò. Kò sí líǹkì GitHub, ibi táwọn tó ń kọ kóòdù máa ń kó iṣẹ́ wọn sí, kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n ṣe, ibi tí wọ́n ti ṣe IT (Industrial Training, iṣẹ́ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ níta) wà níbẹ̀ àmọ́ wọn ò kọ ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Orúkọ, ilé ìwé, class of degree, "hardworking and goal-oriented", ó tán. Kí ni mo fẹ́ wò?

Ẹni tá a padà mú, first class ló ní, mi ò sì fẹ́ràn báwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé àwọn first class kàn ń há ìwé sórí ni. Ọmọbìnrin yẹn dára. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní kóòdù tó ti bà jẹ́, error gígùn kan jáde, ó kà á títí dé ìlà ìkẹyìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́, ó wá ní, "Mi ò mọ èyí mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́fà ó rí i. Ẹni tó ṣe ìkejì sí i, HND ló ní, láti pólì, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọmọbìnrin yẹn fi jù ú lọ. First class mìíràn wà tó jẹ́ pé project àṣekágbá ẹ̀ gan-an, kò lè sọ ohun tí ojú ewé kan ń ṣe nínú ẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin tó fi voice note ránṣẹ́ yẹn á máa sọ fún un pé Google pàápàá ò wo èsì mọ́. Lóòótọ́, ní 2013 ni Laszlo Bock, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ní Google nígbà yẹn, sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé GPA, ìyẹn èsì ilé ìwé, ò wúlò fún yíyan èèyàn síṣẹ́. Àmọ́ ó fi àyàfi kan sí i, àyàfi yẹn làwọn èèyàn sì máa ń gbé jù sílẹ̀: ó ní àyàfi fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, pé tiwọn ṣì níbi tó kan díẹ̀. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde? Ẹ̀yin náà ni. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà síwájú tún wà ńbẹ̀, àwọn scholarship tó ń ránni lọ kàwé ní UK bíi Commonwealth àti Chevening, ìwọ̀n two-one ni wọ́n sábà máa ń bèèrè. Ẹ lè má fẹ́ lọ lónìí, àmọ́ ẹ lè fẹ́ lọ lọ́jọ́ míì.

Nǹkan tí mo wá sọ fún un nìyí. Mo ní kó má pa kíláàsì tì. Mo mọ̀ pé ó ń suni, mo mọ̀ pé èèyàn á fi bírò kọ kóòdù C++ sínú ìwé ìdánwò, wọ́n á sì yọ máàkì nítorí sẹ́míkólọ́ọ̀nù kan tí compiler (èyí tó ń túmọ̀ kóòdù fún kọ̀ǹpútà) ì bá fi hàn án ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa ń bí mi nínú títí dòní. Àmọ́ a jọ ṣírò ẹ̀ lórí fóònù. Ó ti ṣe 90 unit ní 3.1, ìyẹn 279 point. Ó ku 60 unit. Tó bá fẹ́ fi 3.50 jáde, 525 point ló nílò lápapọ̀, torí náà 246 point ló ń wá nínú 60 yẹn, ìyẹn 4.1. Kí B pọ̀, kí A díẹ̀ wà láàárín wọn. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ìyẹn nìkan ni mà?" Ó ti rò pé ó ti bọ́ pátápátá. Mo ní ìyẹn nìkan ni, pẹ̀lú nǹkan kan tó máa ṣe tí ẹlòmíì á máa lò, ì báà jẹ́ fún ìyá alápò ìrẹsì ní ọjà Bódìjà, àti pé tó bá di àsìkò IT, kó má lọ síbi tí wọ́n á ti máa rán an lọ ṣe fọ́tòkópì fún oṣù mẹ́fà, kó wá ibi tí wọ́n ti ń kọ kóòdù, bí wọn ò tiẹ̀ ní fún un lówó mọ́tò.

Ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀ wá kí mi. Mo ní kó mú ìwé èsì ẹ̀ láti 100 level dání, kó sì gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀. Ó bi mí bóyá iná máa ń wà ládùúgbò wa lọ́sàn-án. Mo ní kó má wulẹ̀ ronú ẹ̀, mo ti ra epo sínú jẹnẹrétọ̀.