Ta ló jẹ oúnjẹ àgbàdo mi?

Ilé tá à ń gbé báyìí, mẹkáníìkì kan ló ń lo ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò sì mọ̀. Èmi ṣáà rí ilẹ̀ dúdú kìrìmù, mo ní háà, ilẹ̀ ọlọ́ràá rèé, mo bá gbin àgbàdo sí i. Ó hù o, àmọ́ kò tíì dé orúnkún tí ewé ẹ̀ fi di àwọ̀ ìyeyè. Mo bomi rin ín, omi ò wọlẹ̀, ńṣe ló ń yí kiri bí omi orí ewé kókò. Mo bu erùpẹ̀ díẹ̀ mo gbóòórùn ẹ̀, áà, kọ́ńdẹ̀mù ọ́yìlì, ọ́yìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò gbó! Ibi táwọn mẹkáníìkì bá ti tú u náà ni wọ́n ń dà á sí, àwa náà ṣáà ń wò wọ́n.

Ilẹ̀ yẹn ò sì kú o, ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Àwọn bakitéríà kan, ohun alààyè tíntìntín tójú lásán ò lè rí, wà nínú ilẹ̀, irú Pseudomonas báyìí, tí wọ́n lè fi ọ́yìlì ṣoúnjẹ, tó bá ti pọ̀ àwọn yẹn á máa bí sí i, àwọn tí ò lè jẹ ẹ́ á sì máa dín kù. Àmọ́ ọ́yìlì nìkan ò tó wọn, bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà láìsí ọbẹ̀ ni, wọ́n nílò naitrójìn, èròjà tí irúgbìn náà ń jẹ, ni wọ́n bá ń fa èyí tó wà nínú ilẹ̀ mu, àgbàdo mi ò rí nǹkan jẹ. Èmi ti fẹ́ lọ bá ìyá tó ta irúgbìn fún mi jà!

Nígbà tí ọkọ̀ òkun Exxon Valdez da bíi mílíọ̀nù 40 lítà epo rọ̀bì sómi ní Alaska, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1989, ajílẹ̀ ni wọ́n lọ fín sáwọn etíkun kan, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dáko o, naitrójìn inú ẹ̀ ni ọbẹ̀ tí wọ́n ń wá fún bakitéríà.

Tèmi, ìgbẹ́ adìyẹ ni. Àpò mẹ́ta. Mo rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, mo sì ń tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, gbogbo àdúgbò bú mi torí òórùn. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́fà omi ti ń wọlẹ̀, lọ́jọ́ kan ọkọ́ mi hú ekòló jáde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Àmọ́ mi ò gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ o. Mo ti hú bátìrì àlòkù méjì níbẹ̀, òjé inú wọn sì rèé, májèlé ni, kò sí bakitéríà tó lè jẹ ẹ́ tán, ibi tó bá wà náà ló ń wà. Òdòdó ni mo gbìn. Ìyàwó mi ní ṣé òdòdó la ó máa fi jẹyán ni.