Àkísà Tí Mo Jù Sínú Pàǹtí

Ẹ̀yin àbúrò mi, ìbéèrè yín ti pọ̀ lórí iṣẹ́ ìtọ́jú ohun ìrántí ìdílé tí mo ń ṣe ní Ọsirélíà. Àwọn kan nínú yín ní ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń wọ bàálù lọ kọ́, kí wọ́n máa kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń gbọn eruku. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àkísà kan dá yín lóhùn.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, wọ́n ní kí n tọ́jú àwọn lẹ́tà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kan ní ilé àtijọ́ kan ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ New South Wales. Mi ò ní dárúkọ ilé náà. Ìdì mẹ́ta ni lẹ́tà ọ̀hún, àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti pọ́n bí omi tíì ni wọ́n sì fi di ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo gbọ́n jù, mo tú gbogbo rẹ̀. Mo to lẹ́tà náà bí ọjọ́ orí wọn ṣe tẹ̀ léra, mo fi bébà tí kò ní ásíìdì wé wọn, mo ju àkísà sínú àpò pàǹtí. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan wá láti inú ìdílé náà. Orúkọ ni wọ́n máa ń pe àgbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á, "Mà" ni mo ń pè é, ó sì máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó wo orí tábìlì mi títí.

"Aṣọ tó wà lára wọn dà?"

Mo ní aṣọ wo? Ó ní etí aṣọ ìgbéyàwó ìyá ìyá òun ni. Wọ́n ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ náà rán ẹ̀wù ìsàmì fún àwọn ọmọ, èyí tó ṣẹ́ kù ni ìyá náà fi di lẹ́tà. Ẹnì kan ló sì ni ìdì kan: ti ọkọ lọ́tọ̀, ti àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́tọ̀, ti ọmọkùnrin tó lọ sí Ogun Àgbáyé Kìíní tí kò padà lọ́tọ̀. Èmi sì ti da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra, nítorí kí ọjọ́ lè tò.

Orí ló yọ mí, wọn ò tíì wá kó pàǹtí. Mo da àpò náà sórí koríko, mo rí méjì. Mi ò rí ìkẹta títí di òní. Ìyá náà ò bú mi o. Ó bu tíì fún mi ni, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kì í kan nǹkan kí n tó ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kí n kọ ohun tó wà lórí rẹ̀ àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ ọ́, torí tàdáwà báírò máa ń tàn, kì í sì í ṣí mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá ẹni tó lè sọ̀tàn rẹ̀ kí ó tó di pé kò sí ẹni tá a máa bi.

Ọ̀gá mi mú mi lọ wo ilé àtijọ́ kan ní Rouse Hill, ní ẹ̀yìn ìlú Sydney. Richard Rouse ló bẹ̀rẹ̀ ilé náà ní 1813, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wá síbẹ̀ ló sì ṣe é. Ìran mẹ́fà ló gbé inú rẹ̀ kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó gbà á ní 1978. Ìgbà tí wọ́n ṣí i fún àlejò ní 1999, wọn ò tún un kùn. Bébà ara ògiri tó ṣí wà bẹ́ẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tó ti ja wà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹnikẹ́ni láti ilé máa sọ tó bá débẹ̀: "Ṣé owó ọ̀dà ló wọ́n ìjọba ni?" Èmi náà rò ó. Ọ̀gá mi wá bi mí léèrè pé ìran wo ni kí wọ́n kùn ún fún. Tí wọ́n bá dá ilé padà sí bí Rouse ṣe kọ́ ọ, wọ́n máa kó ẹrù ìran márùn-ún dà síta. Mi ò rí èsì fọ̀.

(Orí ilẹ̀ àwọn Dharug, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ni ilé náà wà o. Ẹrù àwọn onílé pọ̀ nínú ilé. Ẹ máa fojú wá ẹrù àwọn tó nilẹ̀, àti ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó gbẹ́ òkúta, kí ẹ wo iye tí ẹ máa rí.)

Ìlú Nowra ni mo ti rí ilé tó wù mí jù, Meroogal, tí wọ́n kọ́ ní 1885 sí 1886. Àwọn obìnrin ìran mẹ́rin nínú ìdílé kan ló ń jogún rẹ̀ fún ara wọn. Èèyàn tó wá wo góòlù máa pòfo níbẹ̀: ohun ìdáná, ohun ìránṣọ, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, ohun tí ẹlòmíì máa sun níná.

Ti iṣẹ́ ọwọ́ ò le. Òólá ni ọ̀tá aṣọ onírun àti sílíìkì. Ìdin rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹ rí tó ń fò. Ẹ wé aṣọ sínú ọ̀rá, ẹ fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ dì í pa, kó wà nínú fíríísà tó tutù tó ìwọ̀n -20 lórí Celsius fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí wákàtí 24 á fi pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á sẹ̀ sí aṣọ lára. Ẹ má fi dígí tàbí igi tí wọ́n kùn sínú fíríísà o. Iná 50 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ti tó fún aṣọ ògbólógbòó. Sẹ́lótéèpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kan ìwé àtijọ́ láyé. Ẹ má sì máa bó fàdákà ní gbogbo ìgbà: díẹ̀díẹ̀ ni fàdákà ọ̀hún fi ń lọ. Mo ti rí ṣíbí kan tí wọ́n fín orúkọ sí, tí wọ́n bó títí tó fi ku lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò sì mọ̀ orúkọ ta ni.

Mo wálé lọ́dún tó kọjá. Màmá mi gbé àpótí aṣọ wọn jáde, òórùn kánfọ̀ gba yàrá kan. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mi ò bá da gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó sílẹ̀, mo mú pẹ́ńsù. Wọ́n ní, "Kí lo ń kọ?" Mo ní kí wọ́n ṣáà máa sọ ẹni tó ni èyí tó wà lókè pátápátá. Ẹtù ni, ìyá wọn ló ni ín, ó fi ṣòkú bàbá rẹ̀. Wọ́n sọ ẹni tó hun ún, wọ́n sọ ìjà tó ṣẹlẹ̀ lórí owó rẹ̀, wọ́n kọ orin tí wọ́n fi jó lọ́jọ́ náà.

Aṣọ kẹrin la dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ku mọ́kàndínlógún.